Ọmọ Tí Mo Kọ́ ní Ìkúnlẹ̀

Nígbà tí ogun ń jà ní Làìbéríà, ọkọ̀ ojú omi kó àwọn tó ń sá fún un wá sí Èkó. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wà nínú wọn, òun nìkan, kò sí ìyá, kò sí bàbá. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kéde pé kí ẹni tó bá lè gbà á ṣọmọ jáde síwájú. Ọdún kọkànlá tí mo wà nílé ọkọ nìyẹn, n kò tíì rí ọmọ gbé pọ̀n. Kí wọ́n tó parí ìkéde ni mo ti dìde.

Ọjọ́ Sátidé ló wọlé wa ní Sùúrùlérè, òjò ń rọ̀. Ọkọ mi fi ọ̀yàyà gbà á, àmọ́ nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú ní Sátidé tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá gbà á, ọ̀rọ̀ tán. Tí wọn ò bá gbà á, ìwọ náà mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ." Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń wá ìyàwó kejì fún un, wọn ò sì fi pa mọ́ fún mi.

Ọjọ́ méje péré ni mo ní láti sọ ọmọ Làìbéríà di ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́. Tíṣà ni mí. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, olóríkunkun tí mo ti tún ṣe kò lóǹkà. Mo ní ṣé ti èyí ni mi ò ní lè ṣe?

Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílùú wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì, a ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wa yé. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìwà kan ṣoṣo ló ní tó ń bí mi nínú: tí a bá ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á lọ yí gbogbo wọn padà kí wọ́n kọjú síta. Bàtà pupa tí mo rà fún un ní Tejúoṣó, kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ wò tó fi yí i síta. Ọkọ mi ló fara balẹ̀ bi í léèrè. Ọmọ náà ní kó má baà pẹ́ tí a bá fẹ́ sá ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kí n má parọ́, inú mi tún dùn díẹ̀, torí bàtà tèmi wà lára àwọn tó ń yí. Tó bá di eré sísá, kò ní fi mí sílẹ̀.

Ìkíni ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo fi hàn án pé ọmọbìnrin a máa kúnlẹ̀ kí àgbà. Èmi alára kúnlẹ̀ kó lè rí i. Ó dúró gbagidi. Ọjọ́ Ajé, bákan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pariwo mọ́ ọn. Sùúrùlérè ni mò ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní sùúrù, ká má tíì sọ ti èrè. Lọ́jọ́rú, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká, mo tẹ̀ ẹ́ títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀. Kò bá mi jà. Ara rẹ̀ kàn le bí igi lábẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, n kò rí ojú rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Sátidé pé. Ìyá ọkọ mi jókòó ní pálọ̀, ìborùn wà léjìká wọn, wọn ò tíì fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún wọn.

"Ìyàwó, ọmọ ọ̀hún dà?"

Mo pè é. Nígbà tó dé, mo nàka sílẹ̀.

Ó wo ìyá, ó wò mí, ó wo ọ̀nà ìta. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Inú mi ti ń dùn bọ̀ kí n tó rí i pé ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó dorí kodò, ó di ojú pinpin. Ìtọ̀ ń ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyá ọkọ mi fò dìde. "Ta ló kú? Ta ló kú nílé ọmọ mi tí eléyìí fi káwọ́ lérí? Ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò lórí!"

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo fa ọwọ́ ọmọ náà, kò tú. Láìlajú ló bi mí ní ìbéèrè kan, ó rọra là á, kò sí èyí tí n kò gbọ́ nínú rẹ̀: ṣé kí òun kọjú sí ògiri bíi ti màmá òun ni, àbí kí òun wà bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wí?" Ìyá ọkọ mi ò gbọ́ Òyìnbó. Ọkọ mi wolẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ ni mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ìkúnlẹ̀ abiyamọ o!" ni ìyá ọkọ mi kígbe. Orúnkún tó ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n ṣí ìborùn, wọ́n fi bo ọmọ náà, wọ́n gbá a mọ́ àyà tìtọ̀tìtọ̀. "Ọmọ mi lèyí. Kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan èmi alára." Wọn ò wo ibi tí mo wà.

Ohun tí mo ń wá ni mo rí: wọ́n gbà á. Nígbà tí òjò tó ń rọ̀ láti àárọ̀ dá lọ́sàn-án, mo gbé kápẹ́ẹ̀tì náà pé kí n lọ sá a. Ọmọ náà ti to bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Tirẹ̀ kọjú síta. Ti ọkọ mi kọjú síta. Sálúbàtà ìyá ọkọ mi, tí kò tíì lo wákàtí mẹ́ta nílé wa, òun náà kọjú síta. Tèmi nìkan ló wà bí mo ṣe bọ́ ọ, tó kọjú sínú ilé.