Àtíkè Màámi nínú bírò Bàbá

Màámi ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn náà ni wọ́n tún gbayì rẹ̀ lónìí.

Lánàá, mo po àwọ̀ búlúù mọ́ rẹ́sínì, oje tó máa ń le bí ike, kí n lè fi gbẹ́ bírò fún Bàbá tó ń fẹ̀yìn tì lọ́la. Nígbà tí mo tú u láàárọ̀ yìí, góòlù ti wọ́ káàkiri inú rẹ̀.

"Màámi, kí lẹ fi sí i?"

"Àtíkè tí mo fi ń kun ojú ni. Búlúù yẹn ti dákẹ́ jù."

Inú bí mi, àmọ́ kò sí àyè láti da òmíràn. Mo gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n wá wo Màámi.

"Bí o ṣe kun ojú nìyí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ ní Dùgbẹ̀."

Ìtìjú mú Màámi, wọ́n sá wọ kíṣìnì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ṣe bírò yìí, èmi ni àbí Màámi?