Asúrétete àti Ẹni Orí Àpáta

Obìnrin kan wà tó jẹ́ alágbàfọ̀ ní ilé ìwòsàn. Aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn dókítà ló máa ń fọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ará àdúgbò léèrè alágbàfọ̀, wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ẹ ní Asúrétete, ọmọ ọwọ́ pàápàá á nawọ́ sí ilé rẹ̀. Eré sísá ni ayé rẹ̀. Kí ẹlòmíì tó nu ojú oorun, ó ti gun òkè ẹ̀yìn ìlú, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Orúnkún ló dà á. Lọ́jọ́ kan, níbi tí ọ̀nà òkè ti gba àárín àpáta méjì kọjá, nǹkan dún “ká” nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó jókòó sórí àpáta, ó kẹ̀yìn sọ́nà, ó kọjú sí ọ̀gbun, ó ń dúró kí ìrora lọ. Kò lọ. Dókítà ní, “Mọ́mì, eré ti tán.” Asúrétete délé, kò sunkún. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé aṣọ yẹ́lò tó fi ń sáré sí àkísà. Àwọn ará àdúgbò ò kúkú ṣàánú: “Asúrétete ti di Arìngbẹ̀rẹ̀ o!” Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ojú ayé ni. Látìgbà tí kò ti rí òkè náà gùn mọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ dáadáa.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló mú àbá wá. Ó to kẹ̀kẹ́ kan fún un, onítáyà gbàǹgbà, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè. Ó fi ọ̀kan nínú àkísà yẹ́lò yẹn há abẹ́ ìjókòó rẹ̀, kó máa fi nu ṣéènì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ ò ní fìyà jẹ orúnkún yín bí eré. Ẹ sáà má gbé ìwà asáré wá sórí ẹ̀.”

“Ìwà wo nìyẹn?”

“Asáré máa ń wo òkúta kó má baà fẹsẹ̀ kọ. Tí ẹ bá wo òkúta lórí kẹ̀kẹ́, òkúta yẹn gan-an lẹ máa lọ kọ lù. Ibi tójú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Tẹ́rù bá sì bà yín, ẹ má sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ o.”

“Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà, ìwọ ló wá ń kọ́ mi ní ìrìn?”

“Ẹ dé akoto yín jàre.”

Kò rọrùn. Ó ṣubú lórí gbòǹgbò, ó ṣubú sínú iyanrìn. Ìgbà kan wà tí kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́ẹ́, tó tún ṣubú síbẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ fi dikùn mú, tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dìde dúró lórí pẹ́dà, kí ìgbọ̀nwọ́ rọ̀, kí kẹ̀kẹ́ máa jó lábẹ́ ẹni. Ó wá ku ibi àpáta méjì yẹn.

Ọ̀sán gangan ni lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá gba ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti sọ̀ ṣáájú, ó ń dúró dè é nísàlẹ̀. Bó ṣe yọ sí àárín àpáta, gbogbo kòkòrò tó ń dún nínú igbó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan jókòó lápá ọ̀tún, létí ọ̀gbun, ó kẹ̀yìn sí i. Aṣọ yẹ́lò. Asúrétete ti wò ó tán kó tó rántí ìkìlọ̀ àbúrò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yà bí ẹran tí wọ́n fà lókùn. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já lọ sínú ọ̀gbun, kò sì gbọ́ ibi tí wọ́n balẹ̀ sí. Igi kékeré kan ló gbá a mú. Nígbà tó gbójú sókè, kò sẹ́nì kankan.

“Ta ló jókòó sọ́nà lókè?” ló bi àbúrò rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹni náà wà níbẹ̀. Ó tún wò ó, ó tún ṣubú, ọ̀gbun tún sún mọ́ ọn ju tàná lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí ibi tí aṣọ náà ti já léjìká, tí wọ́n fi òwú funfun rán. Ọwọ́ Asúrétete fúnra rẹ̀ ló rán an. Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ tó ti gé sí wẹ́wẹ́ nínú ilé! Ó mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀ látọjọ́ tí orúnkún ti dún, tó ṣì ń dúró kí ìrora lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, inú ọ̀gbun lòun ń lọ. Bí òun ò bá sì kọjá, òkè di èèwọ̀ fóun nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ojú lé igi kan tó dá dúró níwájú lọ́ọ̀ọ́kán. Yẹ́lò náà wà ní igun ojú rẹ̀, ó ń fà á bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ bọ́ sílẹ̀; ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́dà.

“Asúrétete.”

Wọ́n pè é jẹ́jẹ́, lóhùn tó mọ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Kò dáhùn. Kò wò. Táyà gun òkúta, ó sọ̀, ó kọjá.

Ẹ̀yìn ló ti gbọ́ ọ: ẹnì kan dìde. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kíá kíá, ó fúyẹ́, kò tiro rárá. Ó bá a, ó bá a rìn dọ́gba, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ẹ lápá, ó sì kọjá lọ síwájú. Asúrétete ò gbójú kúrò lára igi.

Nísàlẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti dìde dúró, ó ń wò káàkiri.

“Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀, mo rò pé ẹ ti ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ ń fẹsẹ̀ sáré. Ta ló ṣáájú yín dé?”

“Ìwọ lo wà níbí. Ṣé o rí ẹnì kan ni?”

“Mi ò rí ẹnì kankan.”

“Èmi náà ò wò.”

Ó fa àkísà yẹ́lò yọ lábẹ́ ìjókòó, kó fi nu ṣéènì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Alágbàfọ̀ ni, ó mọ òógùn àná yàtọ̀ sí tòní. Àkísà náà rin gbingbin fún òógùn tuntun, ó sì ṣì ń gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára. Kò fi nu nǹkan kan. Ó ká a, ó tì í sáyà, ó ní kí àwọn máa lọ sílé, òun fẹ́ lọ fọ̀ ọ́.