Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi ní Layípo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yìí ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ọmọdé gbọ́dọ̀ gbọ́, pàápàá jù lọ ọmọ tèmi. Ẹni tó bá sì fẹ́ pè é ní àlọ́, kó rántí pé olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, n kò mọ àsọdùn í sọ.

Ọkọ mi ti kú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó máa bá a lọ. Iṣẹ́ gẹdú ló ń ṣe nínú igbó Èmùré, igi tí wọ́n ń gé ló yí padà tó wó lù ú, tó fọ́ èjìká rẹ̀ òsì. Orí pákó ni wọ́n gbé e lé wá sílé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ èjìká náà, ojú mi yìí náà ló rí i nígbà tí wọ́n da erùpẹ̀ bò ó ní itẹ́ òkú ìjọ wa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Fúnmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó ń jẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Àwọn dókítà ní kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ahọ́n rẹ̀. Mo gbààwẹ̀ títí ojú mi fi jìn. Ẹni tó bá ń bá ọmọ inú ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí n kò lè ṣe láti gbọ́ “Màámi” lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwa olùkọ́ dá owó jọ, a háyà lọ́rì kan, a ní a fẹ́ lọ wo Ìbàdàn. Ohun tí gbogbo wa fẹ́ rí jù ni Layípo, ilé gogoro orí òkè tí wọ́n ní èèyàn lè dúró sí lókè rẹ̀ kó rí gbogbo ìlú. Mo fi Fúnmi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi.

Kí lọ́rì tó gbéra, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kìlọ̀ fún wa.

“Ẹ̀yin tíṣà, tí a bá dé Ìbàdàn, kí n má gbọ́ ‘ulé’ dípò ilé, kí n má gbọ́ ‘uṣu’ dípò iṣu lẹ́nu ẹnikẹ́ni o. Èdè inú ìwé ni kí ẹ máa sọ. Wọn ò ní fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ a gbọ́ràn. Láti Àkúrẹ́ títí dé Ifẹ̀ la fi ń kọ́ ẹnu wa bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá Ṣadé tó jókòó tì mí á ní “uṣu”, á sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Èmi ni mo yege jù nínú gbogbo wa. Ẹ má gbàgbé èyí náà.

Gbọ̀ngàn ìjọ kan la sùn. Nígbà tí oòrùn ràn dáadáa lọ́jọ́ kejì, a gun òkè lọ sí Layípo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Àtẹ̀gùn méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn yípo yípo. Èyí tí wọ́n fi ń gòkè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń lọ kì í pàdé ẹni tó ń bọ̀. Ògiri ló wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì tutù, bí oòrùn ìta ṣe mú tó yẹn.

Mo ti gòkè dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń súfèé lẹ́yìn ògiri, ní ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀.

Orí mi wú. Ẹ gbà mí gbọ́, orin tó ń fi súfèé náà kò sí nínú ìwé orin kankan. Bàbá Fúnmi ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti fi rẹ Fúnmi lẹ́kún. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n.

Mo fọwọ́ gbá ògiri. Mo rọra pè é, “Bàbá Fúnmi?”

Ìfé náà dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó yára ń sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ padà, ṣùgbọ́n àwọn èrò tó wà lẹ́yìn mi ti dí ọ̀nà, wọ́n ń ní kí n máa lọ, kí n máa lọ. Kò sí ọ̀nà míì ju kí n sáré dé òkè kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Mo ń sáré, mo ń sunkún.

Lókè, ọ̀gá wa ti ń nawọ́ sí gbọ̀ngàn Mápó, àwọn yòókù ń pariwo bí wọ́n ṣe ń wo páànù tó ti dípẹtà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èmi kò wo Ìbàdàn kankan. Ìsàlẹ̀ ni mo wò, mo sì rí ọkùnrin kan tó jáde ní ìdí ilé náà. Èjìká rẹ̀ òsì wọ́ sílẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ igi kan létí ọ̀nà ni mo ti bá a. Kò tíì yíjú tó fi sọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀, èdè Ìkẹ́rẹ́ pọ́nńbélé.

“Mọ́ pariwo.”

Ó wá kọjú sí mi. Òun ni. Ara rẹ̀ ń rùn bí igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bàtà funfun kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi aṣọ ṣe.

“Ọmọ mi ni mo rà á fún,” ó ní.

Inú mi dùn. Mo ní, “Ẹsẹ̀ Fúnmi ti ju ìyẹn lọ.”

Ó mi orí. “Ọmọ tibí ni. Mo ti ní ulé níbí.”

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, owú jẹ mí. Opó tó ń jowú òkú, ẹ gbọ́ irú rẹ̀ rí?

“Mọ́ pè mí lórúkọ,” ó tún sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ùgbà tí ẹni ulé bá pè mí lórúkọ, ó tán níbí.”

Mo ní, “Ìgbà wo ni mo pè yín lórúkọ rí?” Òótọ́ ni. Ìyàwó tó bá ní ẹ̀kọ́ kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bàbá Fúnmi ni mo ń pè é, “ẹ” sì ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mo wá sọ ti Fúnmi fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ààwẹ̀, dókítà, ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ilé wa. Mo ní kó ṣáà wá sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ náà létí, kó máa padà lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Mi è lè wá,” ó ní. Ó sì fẹ́ máa lọ.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ó tutù bíi aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lódò. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi délé.”

Gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n. “Mọ́ tún un sọ.”

Mo rò pé ó ń kọ ẹ̀bẹ̀ mi ni. Èmi tí n kò ní nǹkan míì láyé ju ohùn ọmọ mi tó sọnù, kí ni n bá ṣe? Mo fa aṣọ náà. Ìbànújẹ́ já “ẹ” bọ́ lẹ́nu mi.

“Bá mi délé!”

Afẹ́fẹ́ ni mo dì mú. Kò sí aṣọ, kò sí bàtà, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí orúkọ tí bàbá ọkọ mi sọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sí orí ibojì rẹ̀, tí mo ń kà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí n kò fi ẹnu mi pè rí. Bámidélé.

Ká ní mo sọ ọ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ni, “ẹ jẹ́ a rulé,” ìyẹn ẹ jẹ́ ká lọ sílé, n kì bá tí pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Èdè inú ìwé ló ṣe mí léṣe.

Ìyá Ṣadé ló wá bá mi lórí ìkúnlẹ̀. “Ta lẹ ń bẹ̀?” Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi. Bí a ṣe ń gòkè sínú lọ́rì, obìnrin kan sáré dé, ọmọ kékeré kan ń tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Ó ní ṣé a rí ọkùnrin kan tí èjìká rẹ̀ wọ́, tó lọ ra bàtà fún ọmọ yìí. Ọ̀gá wa fi èdè inú ìwé dá a lóhùn pé a kò rí i. Èmi kò gbé ojú sókè wo ọmọ náà.

Nígbà tí a dé Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ti ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà.

“Fúnmi ti fọhùn! Láti ọ̀sán àná ni!”

Mo jó. Mo jó tẹrù tẹrù. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Fúnmi jókòó sórí odó, ó kọjú sí ògiri ilé ìdáná. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàtà funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ sí ìta nítorí pé bàtà náà kéré.

Mo pè é. Ó wò mí, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Títí di òní kò tíì bá èmi sọ gbólóhùn kan. Ìyá mi ní òun kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń súfèé, ìfé méjì ni mo ń gbọ́.

Torí náà, bí ẹ bá rí òkú yín ní ìlú òkèèrè, ẹ fi ojú kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Àwọn òkú ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nìkan lẹ kò mọ̀.

Lánàá ni mo dúró sẹ́yìn fèrèsé láti gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ. Ó rọra sọ ọ́, ní èdè Ìkẹ́rẹ́ tí ìyá mi kọ́ ọ.

“Bàámi, ẹ jẹ́ a rulé.”

N kò mọ ulé èwo, ti Ìbàdàn ni àbí ti inú ilẹ̀. Ẹ wá rí i báyìí pé kì í ṣe torí yín ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn, torí àwọn méjì tó ń súfèé lẹ́yìnkùlé ni.