Jersey Tuntun Lọ́rùn Uncle Wálé

Mo ń fura sí Uncle Wálé o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní pálọ̀ wa ní Norcross, níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ń pariwo lé ọ̀kan lára àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Atlanta: "Quarterback tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ti darúgbó. Kó lọ máa gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó!"

Lónìí, wọ́n fi arúgbó ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ eré. Atlanta borí!

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Uncle ti wọ jersey ọkùnrin náà dé.

"Ṣebí mo wí fún yín!"

"Uncle, ìgbà wo lẹ rà á?"

"Ó ti pẹ́! Mo ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́!"

Bí wọ́n ṣe yíjú, mo rí lébẹ́ẹ̀lì iye owó ọjà tí wọn ò tíì já, tó ń fì lẹ́yìn ọrùn wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n sọ fún wọn, àbí kí wọ́n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?