Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Níwájú Adájọ́

Mo rántí bí àwọn àga yàrá yẹn ṣe wúwo tó. Wọ́n da iyanrìn sí wọn nínú, kí aláìsàn kankan má bàa gbé wọn sọ lu adájọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fa tèmi súnmọ́ tábìlì, àga náà kò tilẹ̀ mì, ni òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tó jókòó tì mí bá rẹ́rìn-ín. Ó so agogo ìdágìrì kékeré kan mọ́ bẹ́líìtì. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré wọlé. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí Peckham tí èmi àti àwọn òbí mi ń gbé.

Wọn kì í kó àwa aláìsàn lọ sí kóòtù. Kóòtù ló ń wá bá wa, nínú yàrá ìpàdé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù: adájọ́ obìnrin kan, dókítà tí kò tọ́jú wa rí, àti ẹnì kẹta tí n kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe títí dòní. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, kí wọ́n lè tètè jáde bí tiwa bá tún dé. Tíì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ife oníwèé ni wọ́n ń fún wa, kí a má bàa fi èyí tó gbóná jó ẹnikẹ́ni. Wọ́n ro gbogbo ohun tí àwa lè fi ṣe wọ́n ní jàǹbá. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni ro ohun tó lè ṣe àwa.

Ohun tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ ni bóyá kí n máa lọ sílé tàbí kí n ṣì wà níbẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti gbà pé ìjókòó ló máa gbà mí sílẹ̀. Mo fá irùngbọ̀n, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí màmá mi rà ní ọjà Rye Lane, tí ọrùn rẹ̀ ń fún mi, mo sì ń dán an wò níwájú dígí bí ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣe ń gbé ọwọ́ lé itan. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi.

“Jókòó jẹ́ẹ́. Má na ọwọ́ o. Tí wọ́n bá sọ ohun tí o ò ṣe, just keep quiet. Lawyer ẹ á dá wọn lóhùn.”

Bàbá mi kò wá wò mí rí láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wọlé. Ní mọ́ṣáláṣí, bàbá mi sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ ni mo bá lọ sí Manchester. Màmá mi ló sọ ọ́ fún mi, mo sì fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Torí náà, nígbà tí màmá mi ní bàbá mi máa wá lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, n kò gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Dókítà wọ́ọ̀dù gan-an ń sọ pé mò ń lo oògùn mi, pé mo ti ń sùn. Adájọ́ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, bàbá mi wọlé pẹ̀lú jalabíà funfun, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, bọ́ọ̀sì ti dá wọn dúró. Ẹ̀yìn àga adájọ́ ni wọ́n dúró sí, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà.

N kò ronú. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi rí láti jókòó kí bàbá mi. Mo dìde, mo yípo tábìlì, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí orúnkún ẹnì kan fi wà lórí ẹ̀yìn mi. Agogo ń ké, ọwọ́ ń bọ̀ láti ibi gbogbo, wọ́n ká apá mi sẹ́yìn. Adájọ́ ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀.

Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi lókè orí mi. “He is greeting me. Ó ń kí mi ni, ẹ dákun. He is greeting his father.”

Òṣìṣẹ́ kan ní, “Calm down, sir.” Nígbà tí bàbá mi kò dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ fà wọ́n jáde.

Nígbà tí a padà jókòó, lọ́yà mi ṣàlàyé pé àṣà ilé wa ni. Adájọ́ gbọ́, ó tilẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi. Dókítà wọ́ọ̀dù ní ó lè jẹ́ àṣà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ti yá tán yóò ti wo ibi tó wà kó tó ṣe é. Wọ́n ní kí n ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó ìwé wọn nílẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kẹta yẹn ń yin òṣìṣẹ́ tó tẹ agogo, pé ó káre, kò sẹ́ni tó farapa. Ó pẹ́ kí n tó lè fi ọwọ́ ọ̀tún mi wọ ẹ̀wù. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ mìíràn dé, bàbá mi tún wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga oníyanrìn yẹn mú, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà,” lórí ìjókòó, bí ẹni ń kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bàbá mi dá mi lóhùn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Dókítà sọ fún adájọ́ pé mo ti ń kó ara mi níjàánu. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Mò ń ta fóònù nísinsìnyí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, mo sì máa ń lọ kí àwọn òbí mi lẹ́yìn iṣẹ́. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, bàbá mi á ti na ọwọ́ sí mi: “Jókòó, jókòó, it's alright.” A ó bọ ara wa lọ́wọ́ bí àwọn tó pàdé ní báńkì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọn kò fẹ́ rí mi nílẹ̀ mọ́, kódà nínú pálọ̀ tiwa. N kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń jókòó. Ara mi ti yá.