Ẹ̀rọ Tí Kò Pariwo, àti Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Wá Bẹ̀ Mí

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ irú rẹ̀ fún èmi náà, màá ní kí ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ní Kàbà níbí, lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ èmi tìkára mi: àwọn aládùúgbò mi kó obì wá bẹ̀ mí pé kí n foríjì wọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sì ṣẹ̀ mí, àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà tí kò pariwo ló fa gbogbo rẹ̀.

Tíṣà ni mí. Tí mo bá ti dé láti ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń tẹ ìwé fún àwọn ará ìlú: ètò ìsìnkú, ètò ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ tí alága fẹ́ kà níbi ìpàdé ìdàgbàsókè. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ni mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, arúgbó tó ga bí àpótí aṣọ, tí fáànù inú rẹ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Tiransifọ́mà àdúgbò wa sì ti dákẹ́ láti ìgbà òjò, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń bọ́ arúgbó yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fa okùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ti pe ìpàdé. Kò sí ẹni tó ń tọrọ àyè. Wọn á kàn rìn wọlé, wọn á kí wa ní “Okun o,” wọn á ki ṣájà wọn bọ inú ẹ̀kísíténṣọ̀n gígùn tó wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọn á sì wá ibi jókòó sí. Fóònù ń mu iná, àwọn ń mu ọ̀rọ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni olórí wọn. Ó ní àga tirẹ̀ níbẹ̀, bí mo bá sì ṣèèṣì jókòó lé e, á dúró tì mí láìsọ̀rọ̀ títí n ó fi dìde. Aránṣọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá kan sì wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, opó ni, òun nìkan ló ń dá gbé.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Abújá, oyún àkọ́bí ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti wọ oṣù rẹ̀. A ti ní kí ìyá máa lọ dúró tì í. Ó ní òun kò ní lọ lúgọ de oyún bí ọdẹ tó ń dọdẹ ìgalà. Ìgbà tí wọ́n bá pe òun ni òun á lọ. Nítorí náà ó ń dúró de ìpè. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì rẹ̀, tó máa ń so mọ́ etí ìró, bátìrì rẹ̀ ti gbó, kì í lo ọjọ́ kan pé kó tó kú. Lójoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹun.

Nígbà náà ni àbúrò mi tó wà ní Abújá fi láptọ́ọ̀pù kan ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́lẹ́ bí àwo ìjẹun. Mo gbé e dání, mo rò pé wọ́n gbàgbé láti fi nǹkan sínú rẹ̀. Mo pè é.

“Fáànù rẹ̀ dà?”

“Kò ní fáànù, ẹ̀gbọ́n mi. Ọpọlọ irú èyí tó wà nínú fóònù ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Kì í gbóná.”

“Fóònù lo rà fún mi nígbà náà.”

“Kọ̀ǹpútà ni. Gbogbo iṣẹ́ tí ti orí tábìlì ń ṣe ni yóò ṣe. Ẹ tàn án ná, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.”

Mo tàn án. Ó mọ́lẹ̀, kò sì dún. Mo gbé e sétí, kò dún. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, ó tutù. Ara mi kò lélẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ariwo mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ láti ọdún yìí wá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ kò kú mọ́ òun lọ́wọ́? Mo tẹ ìlà kan, mo dìde. Mo tẹ ìlà kejì, mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi bi mí bóyá èèrà wà lórí àga.

Ohun tó dùn mí jù ni ètò ìtẹ̀wé àtijọ́ tí mo fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Èdè tiwọn ló gbọ́. Mo fi í sínú èyí, mo tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, mo dúró. Kò ṣí. Mo dìde, mo mu omi. Ìgbà tí mo padà dé, ó ti ń ṣí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Àbúrò mi ní ògbufọ̀ ni wọ́n fi sínú rẹ̀: bí ètò bá sọ èdè tirẹ̀, ògbufọ̀ á gbà á, á túmọ̀ rẹ̀ fún ọpọlọ fóònù. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bí ìsìn ṣe máa ń gùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ tí oníwàásù bá ti ìlú òkèèrè wá, tí ẹnìkan ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè Owé tiwa ní Kàbà? Bó ṣe ń lọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ètò náà lẹ́ẹ̀kejì, ó yá kánkán, nítorí pé ògbufọ̀ ti há ti àkọ́kọ́ sórí. Èyí sàn ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ.

Mo ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bátìrì kò fẹ́ẹ̀ dínkù. Mo ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kejì. Mo ń yọjú wo iye tó kù bí ẹni tó ń bu iyán jẹ tí iyán kò tán nínú àwo. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé ó ń purọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ wà nínú ilé rẹ̀, mi ò fa okùn rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fà á fún? Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń gbọ́ aago ògiri. Mo ń gbọ́ ara mi tí mò ń mí. Mo ń rìn láti pálọ̀ dé yàrá, láti yàrá dé pálọ̀, mo rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé. Bàbá ló ṣíwájú, aránṣọ tẹ̀lé e, ìyá iwájú ilé ló kẹ́yìn. Bàbá kò jókòó sórí àga rẹ̀. Ó yọ obì láti inú àpò, ó gbé e sórí tábìlì mi, lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà. Àgbàlagbà tó lè bí mi lọ́mọ ṣí fìlà fún mi. Mo fò dìde.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé fìlà yín.”

“Mi ò ní dé e. Tíṣà, ahọ́n àti eyín ń jà, wọn kì í torí ẹ̀ kó kúrò nílé ara wọn. Sọ ohun tí a fi ṣẹ̀ ọ́.”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí.”

“Ohun tí ẹni tí inú ń bí máa ń sọ nìyẹn,” aránṣọ dá sí i.

“Inú kankan kò bí mi.”

“Ọ̀gá,” aránṣọ ní, “ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. A ń rí iná lójú fèrèsé yín láti ọjọ́ mélòó kan. Iná wà, ariwo kò sí. Sólà lẹ rà, ẹ gbé e pamọ́. Èmi fúnra mi ti yí ilé yín po, mo wo òrùlé títí ọrùn fi dùn mí, mi ò rí nǹkan kan. Ìpamọ́ yẹn dáa o.”

“Tó bá jẹ́ torí pé mo ní kọ́là ọrùn aṣọ rẹ tóbi ju orí rẹ lọ ni,” Bàbá ní, “mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.”

Ìyàwó mi ti sá wọ yàrá lọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà, mo fi hàn wọ́n. Mo ní ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, ọpọlọ irú ti fóònù ni. Ìdí nìyẹn tí kì í gbóná, tí kò ní fáànù, tí bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi ní nǹkan fi jẹnẹrétọ̀ ṣe mọ́.

Bàbá yí i wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn. “Fóònù ni?”

“Ọpọlọ fóònù, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.”

“Tó bá jẹ́ fóònù, kí ló dé tí o kò gbé e wá síta kí gbogbo wa jọ ṣáájì?”

Aránṣọ wò mí bí olè tí ọwọ́ tẹ̀.

Ìyá iwájú ilé wá béèrè: “Ṣé ó ń gba ìpè?”

“Rárá, Ìyá.”

“Irú fóònù wo ni kì í gba ìpè?” Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ tirẹ̀ jáde. “Tèmi náà kì í gbà á mọ́. Láti alẹ́ àná ló ti kú. Ilé ìṣáájì ọjà tí mo ti ń gbé e lọ ti tilẹ̀kùn, òní Sọ́ńdè. Mo rò pé inú ń bí ọ, ojú ń tì mí láti wọlé.”

Ẹ̀rín tán nínú yàrá. Gbogbo wa ń wo fóònù kékeré yẹn. Láti àná. Ọmọ lè ti máa pe ìyá rẹ̀, kó máa pe òkú fóònù. Inú rẹ̀ nìkan sì ni nọ́ńbà ọmọ náà wà.

Mo sáré jáde lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Mo fà á, mo fà á, ó kọ̀. Mo ṣí ẹnu táǹkì epo rẹ̀: ó ti gbẹ. Aránṣọ ní òun á lọ wá epo, Bàbá ní níbo, lọ́jọ́ Àìkú, tí ilẹ̀ ti ń ṣú? Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì wá sí mi lọ́kàn. Bátìrì tó kún fọ́fọ́ wà lórí tábìlì mi, mo sì ń sá kiri wá iná.

Ẹnu ṣájà ìyá kò wọ ihò láptọ́ọ̀pù. Ihò tirẹ̀ kéré, ó sì rí ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ohun kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀ tí wọ́n fi ń so ẹnu méjì pọ̀. A wá páálí. A tú àpótí. Aránṣọ wà lábẹ́ àga, Bàbá ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí kò yẹ. Ìyá kò wá nǹkan kan, ó kàn ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà.

“Èyí tó rí bí bọ́tìnnì?” ìyàwó mi béèrè láti inú yàrá. Ó ti kó o mọ́ bọ́tìnnì aṣọ nínú agolo rẹ̀.

A so ó pọ̀. Fóònù kò ṣe nǹkan. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Bí fóònù ṣe jí báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ rọ́ wọlé: wọ́n ti pè é, wọ́n sì ti tún pè é, nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ ni. A pè é padà. Wọ́n ní nọ́ńbà náà kò lọ. A tún pè. Kò lọ.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tó kàn. Bàbá gbàdúrà, ó gùn díẹ̀. Ìyá ní kí fóònù sùn lọ́dọ̀ mi, kó máa jẹun. “Ìwọ ni kí o máa gbọ́ ọ,” ó ní. “Èmi, bí mo bá jókòó tì í, àyà mi á já.” Ó jáde, ó padà wá wo okùn náà bóyá ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó tún jáde.

Mo dùbúlẹ̀, mi ò lè sùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù ń dínkù, inú mi sì ń dùn sí i bí ẹni tó ń wo àlejò rẹ̀ tó ń jẹun.

Nígbà tí ojúmọ́ ń mọ́, fóònù dún. Mo gbé e.

“Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì,” ohùn ọkùnrin kan ní.

“Káàárọ̀ o,” mo ní.

“Ta nìyẹn? Kí lẹ ń ṣe lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi láàárọ̀ yìí?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọpọlọ fóònù, mo rí i pé kò ní yé e. Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti bí?” Ó ní wọ́n ti bí, ọkùnrin, tìyátọmọ wà láàyè, bátìrì tiwọn ló kú ní ilé ìwòsàn. Mo ti wà lójú títì kó tó sọ̀rọ̀ tán, fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìró ìyàwó mi tí mo fi dìdí lọ́wọ́ òsì, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya lọ́rùn.

Ìyá ti wọṣọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò jọ pé ó sùn. Ó gba fóònù, ó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sunkún, kò dúpẹ́. Ó wọlé, ó gbé ẹrù kan jáde, ó gbé e lé mi lórí.

“Jẹ́ ká lọ, kí mọ́tò Abújá má baà kún.”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wọ ṣòkòtò.”

“Ìwọ ni wọ́n ń lọ wò ni?”

Bí mo ṣe ru ẹrù ìyá gba àárín ìlú nìyẹn, lọ́jọ́ Ajé, lákòókò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ sí kíláàsì. Àwọn tèmi tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà.” Mo fi ojú kan ṣoṣo dá wọn lóhùn, nítorí ẹrù ti bo èkejì.