Igbá Fùrá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò kúrò ní Ẹ̀rúnmu rí, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ èdè Gàmbàrí ju ẹni tó ti dé Kánò lọ. Lẹ́yìn ogun Ìjàyè ni, tí àwọn Gàmbàrí ń wá ra obì lọ́wọ́ àwa méjèèjì.

Bí àwọn àlejò bá ti dáná, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó tì wọ́n, á máa jẹ, á máa béèrè orúkọ ohun tó ń jẹ. “Àbúrò, wá bù ú,” ni wọ́n máa ń wí. “Oúnjẹ ló ń ṣí etí.”

Mo ń jowú wọn. Lọ́jọ́ kan, mo gba igbá fùrá tí wàrà rẹ̀ ti kan, mo dí imú mu ún. Gàmbàrí kan bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n ń mu, àbúrò ń sá!”

Nígbà tí Baálẹ̀ fẹ́ rán ẹni tó máa ta obì ìlú ní Ìlọrin, mo sáré lọ bẹ̀ wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀,” ni Baálẹ̀ wí. “Ìwọ á bá a gbé ẹrù. Ohun tó bá jẹ ni kí o jẹ. Bí o bá tún dí imú, máa padà bọ̀ wálé.”